Ibi Tí Àtàǹpàkò Ń Sinmi

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kẹwàá

Òjò láti àárọ̀. Bàtà mi tó dára mu omi lánàá, kò tíì gbẹ, mo sì wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí kíláàsì. Ó ń dún fìṣọ̀-fìṣọ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Mo jókòó sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tó ń dún.

Olùkọ́ pín wa sí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́. Iṣẹ́ tí a ó ṣe títí sáà yóò fi parí nìyí: àwọn tó ni Àgbàlá, ibi ìpàdé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, fẹ́ kí ó máa rìn dáadáa lórí fóònù. Orí kọ̀ǹpútà ni tọmọdé tàgbà ti ń pàdé níbẹ̀, tí wọ́n ń kí ara wọn, tí wọ́n ń fi àwòrán ọjà àti ọmọ hàn. Ẹni tó bá ṣí i lórí fóònù, gbogbo rẹ̀ á ṣùpọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fipá kì sínú àpò. Ẹgbẹ́ tí tiẹ̀ bá dára jù, tiẹ̀ ni wọn yóò gbé jáde fún gbogbo ènìyàn.

Àwa mẹ́ta la wà ní ẹgbẹ́ tiwa. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ti sọ ara rẹ̀ di alága kí á tó fìdí kalẹ̀, Alága ni mo sì máa pè é níhìn-ín. Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, tó sì tún máa ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tó bá sọ ọ́ tán; òun ni Ẹlẹ́rìn-ín. Èmi ni ẹ̀kẹta.

"Ìwọ, kí lo mọ̀ ọ́n ṣe?" Alága bi mí.

Mo ní mo mọ̀ ọ́n wò.

Ẹlẹ́rìn-ín bú sẹ́rìn-ín. Alága ní, "Ó dáa, Awòran, máa wò nígbà náà."

Bí mo ṣe gba orúkọ ní ìlú yìí nìyẹn. Wọ́n tún ti fi owó lé búrẹ́dì.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù kẹwàá

Yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé ni mo wà ní gbogbo ọ̀sán. Mò ń wo Àgbàlá bí ẹni tó ń wo ilé tí wọ́n ní kó wó, kó sì tún un kọ́.

Ojú kọ̀ǹpútà fẹ̀ bí pápá. Àwọn ọ̀rẹ́ wà lápá òsì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ wà láàárín, àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ sì wà lápá ọ̀tún. Ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ti rí gbogbo ilé. Fóònù kò ní àyè yẹn. Yàrá kan ṣoṣo ni. Ẹni tó bá fẹ́ wọ èkejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde nínú èkíní.

Èyí tó tún ká mi lára jù ni ọfà máòsì. Bí mo bá gbé ọfà náà sórí orúkọ ènìyàn láìtẹ̀ ẹ́, káàdì kékeré kan á yọ: àwòrán ẹni náà, ibi tó ní òun wà, ohun tó sọ kẹ́yìn. Bí mo bá gbé ọfà kúrò, káàdì á wọlé padà. Onítọ̀hún kò ní mọ̀ láéláé pé mo kọjá lẹ́nu ọ̀nà òun.

Bí mo ṣe ń gbé láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí nìyẹn. Mò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ènìyàn, mò ń ka káàdì wọn, mo sì ń gbé ara mi kúrò. Mo mọ̀ pé obìnrin oníbúrẹ́dì igun òpópónà máa ń fi ẹsẹ̀ kan dúró bí inú bá ń bí i. Òun kò mọ̀ mí.

Ìka kò mọ yíyọjú. Ó bá kan nǹkan, ó ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Mo kọ èyí fún Alága. Ó kà á tán, ó ní, "Awòran, ewì nìyí, kì í ṣe iṣẹ́."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 oṣù kẹwàá

Okùn báàgì mi já lójú ọ̀nà, mo gbé e mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́ títí dé ilé. Obìnrin aránṣọ inú yàrá kejì, tí mò ń gbọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ lára ògiri látìgbà tí mo ti kó wá, dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Gbé e wá."

Mo gbé e fún un.

"O ò tiẹ̀ ní kí ènìyàn?"

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

"Háà, ó lẹ́nu! Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ́n bíi búrẹ́dì ni. Wọlé, àbúrò, ò ń jẹ́ kí òtútù ráyè wọlé. Má pè mí ní mà, Àǹtí ni kó o máa pè mí."

Ó ti rán okùn náà kí n tó rí ibi jókòó sí. Ìlà méjì ni, wọ́n sún mọ́ra, wọn kò fara kanra, bí irin méjì tí ọkọ̀ ojú-irin ń gùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe parí gbogbo aṣọ tó fi kọ́ sára ògiri. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ìka méjì lọ́wọ́ òsì rẹ̀ kò ká. Ó rí i pé mò ń wò ó.

"Ilẹ̀kùn ni," ó ní. Ó gé òwú. "Ẹni tó ti ilẹ̀kùn náà sì mọ̀ pé ọwọ́ mi wà níbẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ ni, awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù. Àǹtí ti sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ọkùnrin náà kò sì mọ ibi tó wà. Láràárọ̀ ni Àǹtí ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà ìsàlẹ̀ òpópónà. Á ṣí Àgbàlá, á gbé ọfà sórí orúkọ ọkùnrin náà, á ka ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ dé lọ́jọ́ yẹn, á gbé ọfà kúrò, á sì wá jókòó sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹni tó ń sá fún ejò, àbúrò, kò gbọdọ̀ ṣàìmọ ihò tó sùn sí."

Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ki òwú sẹ́rọ: òkè, ìsàlẹ̀, òkè, ojú abẹ́rẹ́. Ó ní kí n rán ìlà kan lórí àkísà. Nígbà tí mo parí, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó tẹ orí sí ọ̀tún, ó tẹ orí sí òsì.

"Ọ̀nà tí ọ̀mùtí gbà délé rèé."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín ara mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù kẹwàá

Mo sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa!

Lórí kọ̀ǹpútà, bọ́tìnì tí wọ́n fi ń kí ènìyàn kéré bí èékánná, ó sá sí ìsàlẹ̀ káàdì, àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ kò pọ̀. Mo ní mo ti ń wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń di fóònù mú, nínú ọkọ̀, lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, lórí ìlà oníbúrẹ́dì. Ọwọ́ kan ni púpọ̀ nínú wọn fi ń dì í, àtàǹpàkò á sì máa sinmi nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Mo ní ibi tó ń sinmi sí yẹn gan-an ni kí á gbé kíkí sí, kó tóbi, kó rí róbótó, kó máa tẹ̀lé ènìyàn dé ojú-ìwé yòówù tó bá ṣí. Kí kíkí rọrùn ju àìkí lọ.

Alága fi bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá ní, "Awòran, kí ló ti ń dí ọ lẹ́nu látọjọ́ yìí?"

Olùkọ́ gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. "Ta ló ro èyí?" Ọwọ́ mi ti lọ sókè kí n tó mọ̀. Ó ní ó dára gan-an.

Mo ra ẹyin méjì padà sílé. Àǹtí ní, "Ta ló gba ìwé-ẹ̀rí?"

Ọjọ́ Ẹtì, 17 oṣù kẹwàá

Alága ní kọ̀ǹpútà kò mọ ibi tó wà, ohun tí ènìyàn bá sọ fún un ló mọ̀, ṣùgbọ́n fóònù mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Ó ní kí á má jẹ́ kí ìyẹn ṣòfò. Bí ẹnì kan bá kí ọ, kí o rí àdúgbò tó ti kí ọ. "Bóyá aládùúgbò rẹ ni! Bóyá ẹ máa jọ mu tíì!" Ẹlẹ́rìn-ín kọ ọ́ sílẹ̀. Àǹtí sọ sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n inú wọn dùn, èmi náà sì jẹ́ ara àwọn tí inú wọn dùn fún ìgbà àkọ́kọ́. Mi ò sọ nǹkan kan.

Èmi ni wọ́n ní kí n kọ òfin kíkí sínú ìwé ètò. Mo kọ ọ́ pé kò sí ìdí tí ènìyàn yóò fi fẹ́ gba kíkí padà, nítorí náà kò ní ṣeé gbà padà.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni a ó dán an wò lára ènìyàn. Olùkọ́ tún òfin ìdánwò sọ, èyí tí àwọn tó ṣáájú wa fi ń pè é ní Ìyá Ẹ-Dákẹ́: "Ẹ fi fóònù lé e lọ́wọ́, ẹ fún un ní iṣẹ́, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ má tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ má pariwo. Ẹ má ṣẹ́jú sí i pàápàá. Bí ó bá ṣìnà, àwa ni a ṣìnà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ó sì fi orúkọ tirẹ̀ wọlé, kó lè ṣe é bó ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́."

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Òfin tí wọ́n ṣe fún irú èmi.

Ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù kẹwàá

Màmá pè. Ó ní ṣé mo ti lọ́rẹ̀ẹ́, mo ní wọ́n pọ̀. Ta ni mo máa wá dán fóònù yìí wò lára rẹ̀ báyìí, bí kò ṣe Àǹtí?

Ọjọ́rú, 22 oṣù kẹwàá

Ìlà ìwé yìí kò ní gún. 

Mo gbé fóònù fún Àǹtí lọ́sàn-án, lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ̀. Mo ka iṣẹ́ náà sí i létí bí olùkọ́ ṣe kọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bí ẹ ṣe máa ń ṣe láràárọ̀." Mo ṣí ìwé mi, mo mú bírò, mo dákẹ́.

"Ṣé kí n wá ọkùnrin yẹn ni?"

Mi ò dáhùn.

"O ti tún di odi nìyẹn. Ó dáa."

Ó fi orúkọ rẹ̀ wọlé. Abẹ́rẹ́ Kékeré ló ń jẹ́ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ rí nílé. Kò fi ojú ara rẹ̀ hàn, àwòrán ọrùn aṣọ kan tó rán ló fi síbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi di fóònù mú, nítorí pé òsì kò lè dì í. Ó rí orúkọ ọkùnrin náà. Ó gbé àtàǹpàkò dúró lókè rẹ̀ láìkàn án. Ó ń retí káàdì.

Káàdì kò yọ. Kò sí káàdì. Ó wá tẹ orúkọ náà, ni ojú ọkùnrin náà bá kún ojú fóònù, òun àti ọkọ̀ rẹ̀. Àǹtí ta gìrì, fóònù fẹ́ bọ́. Mo rí àtàǹpàkò rẹ̀ tó sáré lọ sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún kó lè rí i dì mú. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa lọ. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù lọ láyé yìí. Àyè wà láti sọ pé "Ẹ dúró." Mo pa ẹnu mọ́, bírò mi wà lórí ìwé, bí wọ́n ṣe ní kí á ṣe.

Bọ́tìnì náà yí padà di àwọ̀ ewé. *O ti kí i.*

"Kí ni mo ṣe?" ó ní. "Àbúrò, kí ni mo ṣe yẹn?"

Mo sọ fún un. Ó ní kí n tètè gbà á padà. Mo ní kò ṣeé gbà padà. Mo tún sọ ẹni tó kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ ṣeé gbà padà, àti ẹni tó gbé bọ́tìnì náà síbẹ̀, àti pé mo rí i kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Mo tún sọ nípa àdúgbò.

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn. Ó wo ìka rẹ̀ méjì tí kò ká.

"Ilẹ̀kùn kejì nìyí," ó ní.

Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù kẹwàá

Láàárọ̀, ọkùnrin náà fèsì: *Ta nìyí?*

Lọ́sàn-án, nígbà tó ti wo àwòrán ọrùn aṣọ yẹn dáadáa: *Mo mọ ìlà méjì yẹn.*

Ẹ̀rọ kò dún lónìí. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ògiri lè dákẹ́ tó báyìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 oṣù kẹwàá

A lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tó wà nídìí tábìlì ní ṣé ọkùnrin náà ti ṣe nǹkan kan? Àǹtí gbé ọwọ́ òsì sókè. Ọlọ́pàá náà ní rárá, láìpẹ́ yìí ni òun ń bi í. Ó ní bí ó bá wá ṣe nǹkan, kí á padà wá.

Mo sọ fún Alága pé kí á yọ bọ́tìnì náà kúrò níbẹ̀.

"Ọjọ́bọ̀ la máa fi iṣẹ́ hàn! Ṣé orí rẹ pé? Láti ìgbà tí a ti ń dán an wò, kíkí ti di ìlọ́po mẹ́ta!"

"Nítorí pé wọ́n ń ṣì í tẹ̀ ni."

"Ẹnì kan ló ṣì í tẹ̀."

"Ẹnì kan ni mo mọ̀."

Ẹlẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín. Alága ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni, Awòran. Ta ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọmọ ara rẹ̀?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 oṣù kẹwàá

Èmi ni mo ń lọ wo ihò ejò báyìí. Àǹtí kò fẹ́ jáde. Mo gbé ọfà máòsì sórí orúkọ ọkùnrin náà. Kò kọ ibi tó wà mọ́. Ohun tó kọ ni: *Mo wà lọ́nà. Mò ń lọ wá aránṣọ kan.* Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bá a rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó rán agbádá fún wọn bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Àǹtí obìnrin, tó ń gbé ìlú mìíràn, ti ní kó máa bọ̀. Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ tó máa gbé ẹrù rẹ̀ ń bọ̀, kò sí èyí tó máa gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ṣáájú ìgbà yẹn. Mo ní kó fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó sọ pé kó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù tó bá ti kọjá, mo máa ń sáré lọ yọjú lójú fèrèsé. Mi ò mọ̀ pé wọ́n pọ̀ tó báyìí láyé.

Ọjọ́ Ajé, 27 oṣù kẹwàá

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé mo lá a ni.

Òjò ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Àǹtí wà nínú yàrá mi, ó ń ká aṣọ sínú àpótí. Èmi wà nínú yàrá tirẹ̀, mò ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ẹ̀rọ. Ọkọ̀ ńlá kan dúró lẹ́nu òpópónà, mo gbọ́ ọ tó mí bí màlúù. Ẹsẹ̀ kan wá ń bọ̀. Kò yára.

Ọkùnrin náà kò tóbi bí mo ṣe rò. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má bínú, aránṣọ àdúgbò yìí ni mò ń wá. Wọ́n ní yàrá yìí ni."

Mo mọ̀ pé Àǹtí ń gbọ́ wa. Bí mo ṣe ń gbọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ náà ló ṣe ń gbọ́ wa.

"Èmi ni," mo ní.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ọ̀wọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ìwọ kékeré yìí?"

"Abẹ́rẹ́ náà kò tóbi, sà."

Mi ò mọ ibi tí ó ti wá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na fóònù sí mi. "Ìwọ lo kí mi?"

"Àtàǹpàkò mi ló kí yín, sà. Fóònù tuntun ni. Bọ́tìnì yẹn wà níbi tí kò yẹ kó wà."

"Àwòrán yìí ńkọ́? Ìwọ lo rán èyí?"

Mo wo ọrùn aṣọ náà. Mo wo ìlà méjì náà. Bí mo bá ní èmi ni, yóò ní kí n rán an. Bí mo bá ní èmi kọ́, yóò ní ta ni.

"Mo jí i gbé ni, sà. Lórí ojú-ìwé ẹlòmíràn. Gbogbo àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ la ń ṣe é kí oníbàárà lè wá."

Kò sọ̀rọ̀. Mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn: ẹ fún un ní iṣẹ́, kí ẹ sì máa wò ó. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àpò rẹ̀ kan ti ya.

"Rán an."

Mo tú bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò lára ẹ̀rọ. Òwú ti kúrò lójú abẹ́rẹ́. Òkè, ìsàlẹ̀, òkè, ojú abẹ́rẹ́: òwú kò wọlé, mo fi ahọ́n lá a, kò wọlé, mo tún un ṣe, ó wọlé. Ọkùnrin náà dúró lẹ́yìn mi. Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀ lókè orí mi. Mo tẹ ẹ̀rọ, ó fò bí ẹṣin. Mo fi gbogbo ẹ̀mí mi gbìyànjú kí ìlà náà gún, Ọlọ́run ló mọ̀, nítorí mo ti gbàgbé nínú ẹ̀rù pé kò yẹ kó gún.

Ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀lé ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó ṣe wọ́ lọ sí ọ̀tún, bó ṣe wọ́ padà.

"Ṣé ò ń ta èyí fún ènìyàn?"

"Díẹ̀díẹ̀, sà."

"Ìyàwó mi ì bá gé ọwọ́ rẹ̀ kó tó rán pálapàla báyìí." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi. "Lọ kọ́ṣẹ́, jàre. O fẹ́ fi ebi pa ara rẹ."

Nínú gbogbo èébú tí wọ́n ti bú mi rí, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ẹni tó o jí àwòrán rẹ̀. O mọ ibi tó wà?"

"Àgbàlá tóbi, sà."

Ó lọ. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo gbọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, mo gbọ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn tí mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, mo ṣì jókòó. Nígbà tí mo dé yàrá mi, Àǹtí wà lórí ilẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Mo ní láti tú ìka rẹ̀ kúrò lára rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 oṣù kẹwàá

Ó ti lọ. Ó gbé ẹ̀rọ lọ. Ó pa Abẹ́rẹ́ Kékeré rẹ́. Mi ò bi í ní orúkọ ìlú tó ń lọ, kó má baà wà lẹ́nu mi bí ẹnikẹ́ni bá tún wá. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú, ó ní, "Pálapàla," ó sì wọ ọkọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 30 oṣù kẹwàá

A fi iṣẹ́ hàn. Gbọ̀ngàn kún. Alága sọ̀rọ̀, ó dára, ó fi ìlọ́po mẹ́ta hàn wọ́n lára ògiri, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹni tó ro bọ́tìnì yìí gan-an nìyí," ó sì tì mí síwájú.

Ohun tí mo fẹ́ sọ wà lórí ìwé. Mo ká ìwé náà, mo kì í bọ àpò. Mo wo bàtà mi. Mo ní:

"Kí á yọ ọ́ kúrò."

Alága ní, "Awòran!" lábẹ́ èémí.

Mo ní lórí kọ̀ǹpútà ènìyàn lè yọjú wo ibi tó ń bà á lẹ́rù kó sì padà sẹ́yìn. Mo ní a kó ojú-ìwé kọ̀ǹpútà wá sórí fóònù, a sì gbàgbé yíyọjú sílẹ̀. Mo ní obìnrin kan fẹ́ mọ ibi tí ẹni tó fọ́ ọwọ́ rẹ̀ wà, fóònù wa sì bá a kí i, ó tún júwe ilé rẹ̀ fún un. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀. Mo wá ní, "Mo rí i kó tó tẹ̀ ẹ́. Mo dákẹ́, nítorí pé wọ́n ní kí á dákẹ́."

 Olùkọ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Mo rò pé ó máa lé mi jáde.

"Kí ni kí á fi rọ́pò rẹ̀?" ó ní.

Mo ní kí bọ́tìnì lọ sókè, níbi tí àtàǹpàkò ti gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ nà kó tó dé. Kí ó bi ènìyàn pé ṣé lóòótọ́ ni kó tó kí. Kí ó ṣeé gbà padà. Kí àdúgbò kúrò níbẹ̀. Kí ènìyàn lè fi ìka tẹ orúkọ mọ́lẹ̀ kí káàdì yọ, kó gbé ìka kúrò, kí káàdì wọlé padà, kẹ́nikẹ́ni má mọ̀.

"Ta ni yóò wá máa kí ènìyàn mọ́?" Alága pariwo.

"Ẹni tó bá fẹ́ kí i."

Ọjọ́rú, 12 oṣù kọkànlá

Ẹgbẹ́ mìíràn ló gbé ipò kìíní. Alága kò kí mi mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n mú kíkí tiwa mọ́ tiwọn, káàdì náà pẹ̀lú, ó sì ti jáde fún gbogbo ènìyàn láti àná. Olùkọ́ ti fi ìlà kan kún òfin rẹ̀ lára ògiri kíláàsì: *Bí ẹ bá rí ewu, ẹ sọ̀rọ̀.* Ẹlẹ́rìn-ín ní kí n wá jẹun nílé wọn lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní màá rí i. Mi ò fẹ́ràn kí n máa rìn lẹ́bàá títì mọ́, nítorí àwọn ọkọ̀ ńlá.

Ẹlòmíràn ti kó sí yàrá Àǹtí. Kì í dún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kọkànlá

Òtútù. Owó búrẹ́dì wálẹ̀ díẹ̀, oníbúrẹ́dì ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró.

Fóònù mi dún bí mo ṣe ń wọ bàtà láti lọ ra tèmi. Àgbàlá ni. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ kí mi. Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀. Ta ló mọ̀ mí níbẹ̀ bí kò ṣe ọkùnrin yẹn? Bó bá ti wádìí, ńkọ́? Bó bá ti padà wo ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kejì, ńkọ́?

Mo fi ìka tẹ orúkọ náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Káàdì yọ. *Ọ̀nà Ọ̀mùtí* ni orúkọ náà. Kò sí ìlú, kò sí àdúgbò. Àwòrán rẹ̀ jẹ́ àkísà kan tí ìlà òwú kan wọ́ kọjá lórí rẹ̀, lọ sí ọ̀tún, padà sí òsì, tí kò mọ ibi tó ń lọ. Mi ò mọ̀ pé Àǹtí gbé e lọ.

Mo gbé ìka kúrò. Káàdì wọlé. Mo tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí n lè rí i sí i.

Kò ṣì í tẹ̀. Bọ́tìnì ti wà lókè báyìí, ó ní láti nà sí i pẹ̀lú ọwọ́ kan tó ní yẹn. Fóònù sì ti bi í léèrè ná pé ṣé lóòótọ́ ló fẹ́ kí mi.

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.